Ilé-Ifẹ̀ Láàárín Ọdún 1000 sí 1400: Bí Ìlú Ṣe Rí àti Bí Wọ́n Ṣe Gbé Ibẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ ti di ìlú ńlá kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 ni ògo rẹ̀ yọ jù lọ. Odi amọ̀ yí i ká, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá ilé àti ojú ọ̀nà, àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi idẹ dá orí ọba, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sì ń yọ́ dígí nínú ìkòkò. Ará Ifẹ̀ ìgbà náà kò kọ ìwé sílẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń sọ bí wọ́n ṣe gbé ayé wọn: ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde, ìtàn àti ẹsẹ Ifá tó wà lẹ́nu àwọn àgbà, àti àṣà tó ṣì ń lọ láàfin àti ní àdúgbò títí di òní. Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ohun tó hàn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé Ifẹ̀ ró, agbo ilé ni iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, àgbàlá agbo ilé yẹn kan náà sì ni ẹ̀sìn, òwò àti ìṣèlú ti ń pàdé.

Bí ayé ṣe mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀

Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Igbó Olókun, ní àríwá ìlú, ló gbájú mọ́. Ó bá orí tí wọ́n fi amọ̀ mọ níbẹ̀, ó bá ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ inú wọn, ó sì rí orí idẹ kan tó dé adé, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Orí Olókun. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀ débi pé kò gbà pé ọmọ Yorùbá ló ṣe é. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló ti wá tẹ̀ dó sí apá ibí yìí, pé ibẹ̀ ni Atlantis tí Plato sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ni Yorùbá ń pè ní Olókun.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú èrò yìí ká. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, hú ọ̀pọ̀ orí idẹ tó tó orí ènìyàn gan-an. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó kan ère idẹ mìíràn, Frank Willett sì wa ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà. Ẹkpo Eyo wa Láfògído ní ọdún 1969. Peter Garlake wa Ilẹ̀ Ọbalára àti Wóyè Àsírí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti walẹ̀, irú ojú kan náà tó wà lára idẹ ni wọ́n bá lára ère amọ̀, àpáàdì ìkòkò ilé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwádìí lórí ọjọ́ orí àwọn nǹkan náà fi hàn pé iṣẹ́ idẹ yìí wáyé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìbí Jésù. Ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù ni ògo Athens, ìlú àwọn Gíríìkì, ní tirẹ̀. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ará Ifẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ Ifẹ̀.

Odi, ààfin àti àdúgbò

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé kí Odùduwà tó dé, àwọn ìletò mẹ́tàlá ló wà káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ifẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ìdẹ̀ta, Ìjùgbẹ̀, Párákìn, Ìwìnrìn àti Ìráyè wà nínú wọn. Odùduwà ló sọ wọ́n di ìlú kan lábẹ́ ọba kan, kì í sì í ṣe ìrọ̀rùn ló fi ṣe é: ìjà òun àti Ọbàtálá ṣì wà nínú ìtàn, wọ́n sì ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ nígbà ọdún Ìtàpá. Bí ìlú ṣe tò fi ìtàn yìí hàn. Ààfin Ọọ̀ni ló wà láàárín, ọ̀nà sì ya láti ibẹ̀ lọ sí àdúgbò gbogbo. Ìrẹmọ, Òkèrèwè, Mọ̀ọ́rè, Ìlódè àti Ìlárè ní olórí tiwọn, olórí Ìrẹmọ, tí í ṣe Ọ̀bàlùfẹ̀, sì ga láàárín àwọn ìjòyè. Ọba kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ nìkan pàṣẹ fún ìlú. Ọ̀rọ̀ á ti agbo ilé dé ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò, á ti ibẹ̀ dé ààfin, ọ̀nà yẹn náà ni èsì yóò sì gbà padà.

Odi amọ̀ àti yàrà ló yí ìlú ká, wọn kò sì mọ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ ni wọ́n ń mọ òmíràn, nítorí náà ni àwọn tó ya àwòrán odi náà ṣe bá ju ẹyọ kan lọ. Láti ọdún 2015 ni Adìsá Ògúnfọ́lákàn àti Gérard Chouin ti ń wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó láti mọ ìgbà tí wọ́n mọ odi àti ìgbà tí wọ́n tẹ́ àpáàdì. Ẹni tó bá ń gbé Victoria Garden City, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, mọ iṣẹ́ tí odi àti géètì ń ṣe: wọ́n ń ya onílé sọ́tọ̀ lára àlejò, wọ́n sì ń jẹ́ kí a mọ ẹni tó wọlé. Odi Yorùbá ayé àtijọ́ ṣe èyí, ó sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnu ibodè ni oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò fún ọba. Ó tún jẹ́ àmì pé ìlú lágbára láti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ fún iṣẹ́ kan. Bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà Lẹ́kí yìí kan náà, tó kọjá Ẹ̀pẹ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yóò bá Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi.

Agbo ilé àti àgbàlá alápàáàdì

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ilé, ewé àti koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Yàrá tò yí àkódì ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà láàárín yàrá àti àkódì. Inú àkódì ni oòrùn àti òjò ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ sì ni àgbà ti ń parí ẹjọ́. Àwọn Gíríìkì náà kọ́ ilé yí àgbàlá ká, ṣùgbọ́n ní Athens, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fẹ́ kí obìnrin ọlọ́lá jókòó sínú ilé, kí ọkùnrin lọ sọ́jà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ló ni ọjà.

Ibi tí ilé Ifẹ̀ ti yàtọ̀ pátápátá ni ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́. Wọ́n á ṣa àpáàdì ìkòkò, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì tò ó típẹ́típẹ́ sínú ilẹ̀ tútù. Ìlà kan á dà sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á dà sí òsì, títí tí gbogbo àgbàlá yóò fi kún. Níbòmíràn, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ya ìlà sáàárín àpáàdì, kí iṣẹ́ náà lè tún lẹ́wà sí i. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í di ẹrẹ̀. Omi òjò á ṣàn lórí rẹ̀ lọ sí ojú àgbàrá, ẹsẹ̀ kò sì ní tètè jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú rẹ̀ fi wà títí di òní, nígbà tí ògiri tó yí i ká ti wó di iyẹ̀pẹ̀.

Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwòó, obìnrin tó jọba Ọọ̀ni. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀, ló fi pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ìlú. Bí ìtàn náà ti wù kó rí, àpáàdì tó wà nínú ilẹ̀ pọ̀ gan-an, ó sì jẹ́rìí pé iṣẹ́ ìkòkò mímọ gbilẹ̀ ní ìlú náà. Obìnrin ló ń mọ ìkòkò ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn kì í lo àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí: ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á fi okùn tàbí igi fífín ṣe ọnà sí i lára, wọ́n á sì sun ún ní gbangba.

Láàárín ọ̀pọ̀ àgbàlá alápàáàdì, awalẹ̀pìtàn bá ọrùn ìkòkò kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ṣí sókè. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń da omi, epo tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹran sí. Ojúbọ kò jìnnà sí ibi tí ìyá ilé ti ń gúnyán. Ní Láfògído, àwọn ìkòkò tí wọ́n fi orí ẹranko amọ̀ ṣe ọmọrí wọn ni Ẹkpo Eyo bá létí ilẹ̀ àpáàdì.

Dígí, idẹ àti irin

Igbó Olókun tí Frobenius rò pé ó jẹ́ ti Poseidon ni ibi tí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ti gbilẹ̀ jù. Nígbà tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ ibẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ló jáde láti inú ihò díẹ̀ tó gbẹ́, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí. Iṣẹ́ náà bọ́ sí àárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tó wà nínú dígí náà. Èròjà rẹ̀ kò bá ti dígí ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu: èròjà calcium inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú òkúta ẹfun àti ìkarahun, pọ̀, èròjà aluminium rẹ̀ náà sì pọ̀, bí yanrìn òkúta akọ agbègbè Ifẹ̀ ti rí. Ará Ifẹ̀ kò kàn yọ́ ìgò àlejò. Wọ́n dá dígí tiwọn sílẹ̀ láti inú yanrìn.

Ìkòkò tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń gbé kaná, tí wọ́n á máa fin ewìrì sí títí dígí yóò fi rọ̀. Wọ́n á fà á gùn bí ọ̀pá tó ní ihò nínú, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sì tún fi iná dán ojú rẹ̀. Èyí tó láwọ̀ búlúù ló pọ̀ jù. Irú rẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní sẹ̀gi. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ṣe láti inú irú dígí yìí ti jáde ní Gao, ní orílẹ̀-èdè Mali, lẹ́bàá Odò Ọya. Owó ẹyọ kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, nítorí ọkọ̀ òyìnbó ló kó o dé lọ́pọ̀ yanturu láti nǹkan bí ọdún 1500. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọrọ̀ tí kò wúwo, tí kò sì lè bàjẹ́, tó ń rìn jìnnà.

Bàbà kò sí nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. Láti òkè ọya àti aṣálẹ̀ Sàhárà ni òwò ti gbé e dé, èyí ló fi jẹ́ pé ilé ọba àti ilé ọlọ́lá ni idẹ ń lọ. Alágbẹ̀dẹ idẹ á fi amọ̀ ṣe inú ère, á fi ìda bò ó, á sì fọwọ́ ya imú, ètè àti ilà ojú sára ìda náà. Á tún fi amọ̀ bo ìda, á sun ún kí ìda lè yọ́ jáde, á wá da idẹ gbígbóná sí àyè tó ṣófo. Ara orí idẹ Ifẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì dọ́gba níbi gbogbo. Oníṣẹ́ tí kò gbọ́ iṣẹ́ kò lè dá a. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n tilẹ̀ tún ṣòro jù, nítorí bàbà gidi ni wọ́n fi dá a, bàbà tí kò ní àdàlù kì í sì í tètè ṣàn.

Irin ní tirẹ̀ wà ní ọwọ́ gbogbo ènìyàn: ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ, ọfà. Irin ńlá kan wà láàfin tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn, tí wọ́n so mọ́ alágbẹ̀dẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ, ní ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Ẹni tó lè kan irin mọ́ òkúta akọ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí iṣẹ́.

Oúnjẹ, ọjà àti ọjọ́

Ohun tí a kì bá rí lórí ọjà Ifẹ̀ ní ọdún 1200 pọ̀. Kò sí ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gààrí, kò sí àgbàdo, kò sí tòmátì, kò sí ata rodo, kò sí ẹ̀pà tí a ń jẹ lónìí. Láti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá lẹ́yìn tí Columbus ti sọdá òkun ní 1492. Kòkó tó sọ agbègbè Ifẹ̀ di ọlọ́rọ̀ kò dé rárá àyàfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Iṣu ni olórí oúnjẹ, iyán sì ni ọba rẹ̀. Epo pupa, ilá, ewébẹ̀, ẹ̀gúsí àti irú ni ọbẹ̀. Ata ìyèré àti ataare ló ń ta lẹ́nu. Ẹ̀wà ni àkàrà, ọkà bàbà ni ẹ̀kọ àti ọtí, ẹmu sì ń ti orí ọ̀pẹ wá. Ẹran ìgbẹ́, adìyẹ, ewúrẹ́, ìgbín àti ẹja odò ni wọ́n ń jẹ. Obì wà fún àlejò, fún òrìṣà àti fún àdéhùn.

Oko ló yí odi ká, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló sì jẹ́ àgbẹ̀ ní òwúrọ̀, tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìtàn dárúkọ Èjìgbòmẹkùn gẹ́gẹ́ bí ọjà Ifẹ̀ láéláé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Òun ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ẹbọ pọ̀, débi pé ẹni tó mọ ọjọ́ òrìṣà mọ ọjọ́ tí yóò kó ẹrù jáde.

Aṣọ, ara àti ipò

Ère ló fi bí wọ́n ṣe ń múra hàn. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ró aṣọ mọ́ ìdí. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọlọ́lá fi bo àyà, ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọba idẹ tó dúró, tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó, mú ìwo oògùn dání ní ọwọ́ kan, ọ̀pá àṣẹ sì wà ní ìkejì. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin gíga rẹ̀, nítorí orí ni ibùjókòó àyànmọ́ lójú Yorùbá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ọba àti olorì tí wọ́n fi apá kọ́ apá, tí ẹsẹ̀ wọn sì lọ́ mọ́ra. Àwọn ojú kan ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àwọn mìíràn kò ní rárá. Èyí lè fi hàn pé oríṣiríṣi ìdílé àti àlejò ló ń gbé ìlú náà.

Ère amọ̀ kò mọ sí ọba nìkan. Wọ́n mọ arúgbó, wọ́n mọ aláìsàn tí ara rẹ̀ wú, wọ́n mọ abirùn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ẹni òrìṣà, nítorí Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, a kì í sì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ère mìíràn fi ẹni tí wọ́n fi nǹkan dí lẹ́nu hàn, tí wọ́n ń mú lọ fún ẹbọ. Ẹrú àti ẹni tí a mú lógun wà ní Ifẹ̀ bí wọ́n ti wà ní Athens, ògo ìlú méjèèjì kò sì ṣẹ̀yìn wọn.

Òrìṣà àti ọdún

Ọ̀kànlénírinwó ni wọ́n ń ka òrìṣà Ifẹ̀ sí, a sì máa ń sọ pé kò sí ọjọ́ tí ìlú náà kì í bọ nǹkan àyàfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọdún Ọlọ́jọ́ ni ti Ògún. Ọjọ́ náà ni Ọọ̀ni ń dé adé Ààrẹ jáde. Ìtàpá ni ti Ọbàtálá. Ẹdì ni ti Mọ̀rẹ̀mí, obìnrin tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá kí ó lè mọ àṣírí wọn. Òkè Ìtasẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ti Ifá. Nínú ọdún wọ̀nyí ni ijó, ìlù, oríkì àti eré ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni ọmọdé ti ń kọ́ ìtàn ìlú láìjókòó sí kíláàsì.

Athens náà ṣe bẹ́ẹ̀: inú ọdún Dionysus ni wọ́n ti ń ṣe eré Sophocles àti ti Euripides. Ìjọra yìí kò pamọ́ fún àwọn òǹkọ̀wé eré. Ní ọdún 1968, ní gbọ̀ngàn Orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Ọlá Rótìmí gbé *The Gods Are Not to Blame* jáde, ó fi ìtàn Oedipus, tí Sophocles ti fi ṣe eré, sínú ìlú Yorùbá kan tó ní ọba, babaláwo àti Ògún.

Bí ògo náà ṣe rọlẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1400, ọ̀pọ̀ àgbàlá alápàáàdì ti di ahoro, iṣẹ́ idẹ sì ń tán lọ. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìdí rẹ̀. Àwọn kan tọ́ka sí òwò tó yí ọ̀nà padà, bí Ọ̀yọ́ àti Bìní ṣe ń lágbára. Gérard Chouin ní tirẹ̀ dábàá pé ó ṣeé ṣe kí àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti ilẹ̀ Lárúbáwá ní àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá ti dé ibí. Agbára ogun àti òwò kúrò lọ́wọ́ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ orírun kò kúrò: ọba púpọ̀ ṣì ń tọ́ka sí Ifẹ̀ pé ibẹ̀ ni adé òun ti wá.

Ilé ìṣúra ohun àtijọ́ tí wọ́n ṣí lẹ́bàá ààfin ní ọdún 1954 ló kó púpọ̀ nínú ère náà pamọ́. Àpáàdì ní tirẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sínú ilé. Ó wà lábẹ́ ilé, lábẹ́ ọ̀dà ojú pópó àti nínú ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ìpìlẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan sì ń fọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìmọ̀ tó bá tún kù nípa bí wọ́n ṣe gbé ìlú náà sinmi lórí pé kí awalẹ̀pìtàn dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.